Ìwé Olówó Rẹ̀ Ni Ẹ Ó Wò: Wíwá Ìran Kan ní Káúńtì Southampton, Virginia

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Virginia ni mo ń gbé, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà sì ni ìyàwó mi. Káúńtì Southampton ni wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀ ní 1908. A kọ̀wé béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí màmá náà, wọ́n ní kò sí. A tọpa ìdílé náà nínú ìwé ìkànìyàn títí a fi dé 1870, níbi tí a ti rí bàbá àgbà kan, ẹni 30 ọdún, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọdún méjì. Ṣáájú ìyẹn, a kò rí nǹkan kan mọ́. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti kọjá ibẹ̀? Àyẹ̀wò DNA sì sọ pé Nàìjíríà wà lára ìyàwó mi. Ǹjẹ́ a lè mọ̀ bóyá Yorùbá ni wọ́n, àti ìlú tí wọ́n ti wá?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtara, ẹ sì bá mi kí ìyàwó wa dáadáa. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń dúró sí bí wọ́n bá ń wá ìran wọn, nítorí pé ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin ní 1865, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo adúláwọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ọ̀nà wà láti kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ ti ń gbà bọ̀. Títí dé 1870, orúkọ bàbá yẹn ni ẹ fi ń wá a. Láti ibẹ̀ sẹ́yìn, orúkọ ẹni tó ni ín ni ẹ ó máa fi wá a. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa ṣe ń pe onítọ̀hún ní olówó ẹrú. Owó ló fi ní in, inú ìwé owó rẹ̀ náà ló sì kọ ọ́ sí: ìwé ìhágún, ìwé gbèsè, ìwé owó orí, ìwé ẹjọ́. Bí ẹ bá mọ olówó, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n kọ ẹrú sí.

Ti ìwé ẹ̀rí ìbí ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí kò le. Àwọn tó ní kò sí kò parọ́ fún yín. Virginia bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ káàkiri ní 1853, ó dá a dúró ní 1896, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí di àárín 1912. Yàtọ̀ sí àwọn ìlú ńlá mélòó kan tó ń kọ tiwọn, ẹni tí wọ́n bí láàárín ọdún 16 yẹn kò ní àkọsílẹ̀ ìbí lọ́dọ̀ ìjọba, ì báà jẹ́ funfun, ì báà jẹ́ dúdú. 1908 bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́ẹ́. Ẹ béèrè bóyá màmá náà gba ìwé ẹ̀rí ìbí nígbà tó ti dàgbà, nítorí pé lẹ́yìn tí ètò owó ìfẹ̀yìntì Social Security bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ìwé lọ gba èyí tí wọ́n fi Bíbélì ìdílé, ìwé ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀rí àgbàlagbà tì lẹ́yìn. Bí kò bá sí ìyẹn náà, ìkànìyàn 1910 yóò fi í hàn lọ́mọ ọdún méjì nílé àwọn òbí rẹ̀. Yóò tún sọ iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti bí àti iye tó wà láàyè nínú wọn. Ẹ má fojú kéré iye méjì yẹn; bí ìyá bá bí mẹ́sàn-án tí ẹ sì rí mẹ́fà péré, ẹ mọ iye àwọn tí ẹ kò ní í bá nínú ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá mọ ibi tí à ń sọ. Káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ó ní kóòtù àti akọ̀wé kóòtù tirẹ̀, ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí sì ni gbogbo ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé ìgbéyàwó àdúgbò náà ń wọ́ jọ sí. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Virginia ni Southampton wà, ó fara ti ààlà North Carolina. Ní 1749 ni wọ́n gé e kúrò lára káúńtì Isle of Wight, nítorí náà ohunkóhun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1749, Isle of Wight ni kí ẹ ti wá ìwé rẹ̀. Odò Nottoway pín káúńtì náà sí méjì, àwọn akànìyàn 1850 àti 1860 sì tẹ̀lé ìpín yẹn, tí wọ́n fi pe apá gúúsù ní St. Luke's. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Òwú, àgbàdo àti ẹlẹ́dẹ̀ ni tàtijọ́, ẹ̀pà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n lóde òní. Courtland ni olú ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n Jerusalem ni ìlú náà ń jẹ́ títí di 1888. Bí ẹ bá rí Jerusalem nínú ìwé àtijọ́, ẹ má rò pé Ilẹ̀ Mímọ́ ni wọ́n ń sọ. Franklin, tó jẹ́ ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, ti di ìlú tó dá dúró fúnra rẹ̀ láti 1961, kò sí lábẹ́ káúńtì mọ́.

Nínú ìkànìyàn 1830, ènìyàn 16,074 ló wà ní Southampton. Aláwọ̀ funfun 6,573, ẹrú 7,756, adúláwọ̀ tó wà lómìnira 1,745. Ìdajì ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹrú, síbẹ̀ àwọn tó ju 1,700 lọ tí wọn kì í ṣe ẹrú wà láàárín wọn. Iye kẹta yìí ṣe pàtàkì fún yín, n ó padà sí i.

Ní báyìí, ẹ padà sí ojú ìwé 1870 tí ẹ ti rí bàbá àgbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ya ìlà ìdílé tiwọn nìkan, wọ́n á ti ìwé pa. Akànìyàn ń rìn láti ilé dé ilé ni, nítorí náà aládùúgbò ni àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ orúkọ yín. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn oko ẹrú, ọ̀pọ̀ kò tíì rìn jìnnà sí oko tí wọ́n ti ń sìn. Ilẹ̀ olówó àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń ro, wọ́n ń pín ìkórè pẹ̀lú rẹ̀. Àyè kan wà nínú ìwé 1870 tí wọ́n ń kọ iye owó ilẹ̀ tí ènìyàn ní sí. Ẹ kọ orúkọ gbogbo onílẹ̀ aláwọ̀ funfun tó wà lójú ìwé yẹn àti lójú ìwé márùn-ún márùn-ún sí iwájú àti sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn adúláwọ̀ tó bá ìdílé yín jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn tí ẹ ó máa fura sí nìyẹn.

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó, ìwé méjì wà tó lè fo 1870 kọjá láìjẹ́ pé ẹ mọ olówó kankan. Èkíní ni ìwé ìgbéyàwó. Láti 1853, Virginia ń béèrè orúkọ òbí ọkọ àti òbí ìyàwó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Bí bàbá àgbà bá gbé ìyàwó lábẹ́ òfin lẹ́yìn 1865, ó ṣeé ṣe kí orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹrú, wà níbẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òfin 27 oṣù kejì 1866 sọ àwọn tó ti ń gbé pọ̀ nígbà oko ẹrú di tọkọtaya láìṣe ìgbéyàwó tuntun. Ìwé tí wọ́n kọ irú wọn sí ṣì wà fún àwọn káúńtì kan ní Virginia, ó sì máa ń sọ orúkọ olówó ọkọ àti ti ìyàwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ikú. Bàbá àgbà lè ti kú ṣáájú 1912, ṣùgbọ́n ó lè ní àbúrò tó pẹ́ láyé. Ẹni tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní 1848 tó sì kú ní 1920 ní ìwé ẹ̀rí ikú, wọ́n sì ń béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀ nílé ọmọge. Mo ti rí ìdílé tó lo ọdún gbọọrọ lórí bàbá kan, tó jẹ́ pé ìwé ikú àbúrò rẹ̀ obìnrin ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ẹ bá wá ní orúkọ olówó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́, ẹ wo ìwé ìkàwọn ẹrú ti 1850 àti 1860. Ẹ má retí orúkọ ẹrú níbẹ̀. Orúkọ olówó ló wà lókè, lẹ́yìn náà ni ìlà lórí ìlà: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, dúdú tàbí àdàlú. Ẹni 30 ọdún ní 1870 yẹ kó jẹ́ 20 ní 1860 àti 10 ní 1850, ṣùgbọ́n àfojúbù ni ọjọ́ orí ẹrú, ẹ fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ìwé yìí kò lè fi ẹni yín hàn. Ohun tó wúlò fún ni pé ó lè yọ olówó tí kò ní ọ̀dọ́mọkùnrin kankan kúrò nínú àwọn tí ẹ ń fura sí.

Ìwé ìbí ti 1853 sí 1865 tún wà, nítorí òfin ní kí wọ́n kọ ìbí ọmọ ẹrú náà sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe la ìwé náà. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ bàbá, ohun tí wọ́n sì kọ sókè àyè náà ni pé bí ọmọ bá jẹ́ ọmọ òmìnira tí a bí nínú ìgbéyàwó, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ẹrú, kí wọ́n kọ orúkọ olówó. Ìyẹn ni pé níbi tí orúkọ bàbá yẹ kó wà, orúkọ olówó ni ẹ ó bá. Ọ̀pọ̀ ti ṣi ìwé yìí kà, wọ́n sì ti mú òyìnbó olóko wá sílé gẹ́gẹ́ bí bàbá tó bí wọn. Lóòótọ́, nígbà mìíràn òun náà ló bí ọmọ ọ̀hún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé yìí ló máa sọ ọ́. Wọ́n ti bí bàbá àgbà ṣáájú 1853, nítorí náà àwọn àbúrò rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni ẹ ó wá níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ ìyá wọn.

Níbo ni orúkọ ẹrú wá pọ̀ sí jù? Níbi ikú olówó ni. Bí olóko bá kú, kóòtù á yan àwọn aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti lọ díye lé gbogbo ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n á wọ inú ilé, wọ́n á jáde sí àká, wọ́n á dé ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ohun tójú wọn bá sì rí ni wọ́n ń kọ tẹ̀ léra: ibùsùn, ohun ìtúlẹ̀, ẹṣin, ohun èlò tí wọ́n fi ń pọn ọtí èso ápù, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan àti iye owó rẹ̀, obìnrin kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀ àti iye owó àwọn méjèèjì pọ̀, arúgbó kan tí wọ́n kọ òdo sí iwájú rẹ̀ nítorí kò lágbára iṣẹ́ mọ́. Ó máa ń ṣòro láti kà. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti kọ ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ yẹn ni ẹ̀rí ìbátan tó dájú jù tí ẹ lè rí ṣáájú 1865. Lẹ́yìn ìdíyelé ni pípín: wọ́n á pín àwọn ẹrú sí ọ̀nà iye ọmọ tí olóògbé ní, wọ́n á sì ṣẹ́ gègé. Ọmọkùnrin àgbà lè mú ìyá, kí àbúrò rẹ̀ mú ọmọ. Inú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìhágún sí ní kóòtù ni ìdíyelé àti pípín wọ̀nyí wà, kì í ṣe ìhágún nìkan. Ẹ wò wọ́n kódà bí olóko náà bá kú láìṣe ìhágún, nítorí ẹni tó kú láìsọ bí wọn yóò ṣe pín ogún ni kóòtù máa ń díye lé nǹkan rẹ̀ jù.

Ìwé ilẹ̀ náà kún fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Bàbá tó fi ọmọdébìnrin ẹrú ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, inú ìwé yìí ló wà; olóko tó fi ẹrú márùn-ún dúró fún gbèsè, inú rẹ̀ náà ni. Bí olówó bá sì fi ọmọ kékeré sílẹ̀ sáyé, alágbàtọ́ ọmọ náà á máa fi àwọn ẹrú yá ẹlòmíràn láti ọdún dé ọdún, á sì máa ṣe ìṣirò owó náà fún kóòtù. Kì í ṣe ìwọ̀fà o; ìwọ̀fà mọ gbèsè tí òun ń sìn fún, ó sì mọ pé òun yóò bọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án. Èyí kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni, ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ sì lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

N ó fi ẹnì kan tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Southampton náà ni tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nat Turner ni, ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kẹwàá 1800, tó kó àwọn ẹrú jọ láti dojú ìjà kọ àwọn olówó wọn ní òru 21 mọ́jú 22 oṣù kẹjọ 1831. Wọ́n pa aláwọ̀ funfun bí i 55; àwọn ọmọ ogun àti àwọn aláwọ̀ funfun tí inú ń bí wá pa ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, láìṣe ẹjọ́ kankan, wọn kò sì kọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Wọ́n mú Nat Turner ní 30 oṣù kẹwàá, wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní 5 oṣù kọkànlá, wọ́n sì so ó kọ́ ní Jerusalem ní 11 oṣù kan náà. Ta ló ni Nat Turner? Benjamin Turner ló ni ín nígbà tí wọ́n bí i. Benjamin kú, ó di ti ọmọ rẹ̀, Samuel Turner. Samuel kú ní 1822, wọ́n tà á fún Thomas Moore. Thomas Moore náà kú, ó di ti Putnam, ọmọ kékeré tí Moore fi sílẹ̀. Opó Moore wá fẹ́ Joseph Travis, Nat sì ń gbé nílé Travis nígbà tí ogun náà bẹ́. Nínú ìwé kóòtù, ohun tí wọ́n kọ ni pé Nat, tí a tún ń pè ní Nat Turner, jẹ́ ohun ìní Putnam Moore, ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí. Kóòtù tún díye lé e ní 375 dọ́là, nítorí òfin Virginia ni pé kí ìjọba san owó ẹrú tó bá pa fún ẹni tó ni ín.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún yín. Ẹni tó bá ń wá Nat lábẹ́ orúkọ Travis, tí ó ń gbé nílé rẹ̀, kò ní rí i. Lábẹ́ Turner ní 1830 náà, kò sí níbẹ̀. Orúkọ olówó àkọ́kọ́ ló ń jẹ́, ẹni kẹrin ló ni ín, ẹni karùn-ún ló ń lò ó. Bí orúkọ ìdílé ìyàwó wa bá bá ti olóko kan mu ní 1870, ẹ má sáré. Orúkọ náà lè jẹ́ ti olówó bàbá bàbá rẹ̀, tó ti kú kí wọ́n tó bí òun. Ẹ tẹ̀lé ìdílé olóko náà lápapọ̀, ọkọ ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ tuntun tí opó rẹ̀ fẹ́, nítorí òfin ìgbà yẹn máa ń gbé ohun ìní obìnrin lé ọkọ lọ́wọ́. N kò tíì rí ìdílé adúláwọ̀ kan tí mo bá wá tí n kò ní láti kọ́kọ́ ya igi ìran òyìnbó kan parí.

Ó sì lè jẹ́ pé olóko náà kò dúró ní Southampton. Ilẹ̀ ti ń gbó níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ olóko sì kó ilé àti ẹrú wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nǹkan bí 1799 ni wọ́n bí Dred Scott ní Southampton, Peter Blow ló sì ni ín. Blow kó wọn lọ sí Alabama ní 1818, ó tún kó wọn lọ sí St. Louis ní 1830. Ọkùnrin yìí ni ẹjọ́ òmìnira rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ní 1857, kí àwọn ọmọ Blow tó tú u sílẹ̀ lọ́dún yẹn náà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí Southampton kò ní bá a nínú ìwé ibẹ̀ mọ́ láti 1818. Bí àbúrò kan nínú ìdílé yín bá ṣàdédé pòórá láàárín ìdíyelé kan àti èyí tó tẹ̀lé e, Alabama, Georgia àti Tennessee ni kí ẹ wò, lábẹ́ orúkọ olówó náà.

Mo ní n ó padà sí àwọn tó wà lómìnira. Bí bàbá àgbà tàbí ìyàwó rẹ̀ bá wà lára wọn, iṣẹ́ yín dín kù, nítorí ìkànìyàn 1850 àti 1860 kọ orúkọ wọn. Láti 1793, òfin ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ìwé yẹn sì sọ gíga ènìyàn ní ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì, àwọ̀ rẹ̀, àpá tó wà lójú tàbí lápá rẹ̀, àti bóyá inú òmìnira ni wọ́n bí i sí tàbí ta ló dá a sílẹ̀. Kò sí fọ́tò ìgbà náà tó lè fún yín ní ohun tí àpá kan lórí ìka òsì ń sọ. Òfin 1806 tún ní kí ẹrú tí wọ́n bá dá sílẹ̀ kúrò ní Virginia láàárín oṣù 12. Lẹ́yìn ogun Nat Turner, wọ́n fìtínà àwọn olómìnira wọ̀nyí débi pé ní òpin 1831, ọkọ̀ òkun James Perkins gbé iye tó ju 300 lọ kúrò ní Norfolk sí Liberia, ti Southampton ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Anthony William Gardiner, tó di ààrẹ Liberia ní 1878, Southampton ni wọ́n ti bí i ní 1820, ní 1831 ni wọ́n sì kó o kọjá òkun. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe yà lẹ́nu bí àyẹ̀wò DNA bá fún ìyàwó wa ní ìbátan ní Monrovia.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, èyí tó fòpin sí oko ẹrú, ìwé mẹ́ta wà tó máa ń sọ̀rọ̀ tààrà. Freedmen's Bureau, ọ́fíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865 láti bójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tọ́jú àdéhùn iṣẹ́ tí wọ́n bá àwọn olóko ṣe. Àdéhùn kan ní 1866 máa ń jẹ́ pẹ̀lú olówó ọdún tó kọjá. Freedman's Bank, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, tó ní ẹ̀ka ní Norfolk àti Richmond kó tó wó ní 1874, máa ń béèrè orúkọ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi owó pamọ́. Bí ọkùnrin kan nínú ìdílé bá sì wọṣẹ́ ológun adúláwọ̀ láti 1863, ẹ wá ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tàbí ti opó rẹ̀ ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Washington. Kò sí ìwé tó dùn tó o, nítorí opó náà ní láti mú ẹlẹ́rìí wá tó máa sọ oko tí wọ́n ti sìn, ẹni tó ni wọ́n, àti ọjọ́ tí wọ́n fò lórí ìgbálẹ̀ fẹ́ra, bí àwọn ẹrú ṣe máa ń ṣègbéyàwó.

Orí yín dára pé Southampton ni. Ìwé kóòtù rẹ̀ wà láti 1749 títí dòní. Nansemond, káúńtì tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ nígbà náà, pàdánù ìwé tirẹ̀ nínú iná ní 1866, kóòtù Hertford tó wà níkọjá ààlà ní North Carolina sì jóná lẹ́ẹ̀mejì, ní 1830 àti 1862. Isle of Wight, ìyá Southampton, yọ nítorí ọkùnrin kan. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń súnmọ́ ibẹ̀ ní 1862, Randall Booth, tó jẹ́ ẹrú akọ̀wé kóòtù, ló kó àwọn ìwé náà sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì gbé wọn lọ pamọ́ sí káúńtì Greensville àti Brunswick. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ilé ẹjọ́ náà. Àwọn ìwé tí wọ́n ti kọ irú rẹ̀ mọ́ ẹṣin àti màlúù ni ó dáàbò bò, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, èmi pẹ̀lú yín kì bá tí ní ohun tí a ó máa kà ṣáájú 1749.

Ó wá ku ti Nàìjíríà. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, n kò sì ní fi dídùn bo òótọ́. Ìwé Southampton kò ní mú yín dé ìlú kankan ní Áfíríkà, àfi bí ìyanu bá ṣẹlẹ̀. Virginia ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè ní 1778, nítorí náà ó ṣeé ṣe jù pé kí ẹni tó kọ́kọ́ ti Áfíríkà wá nínú ìran yìí ti dé kó tó di ìgbà yẹn, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín díẹ̀ ṣáájú ojú ìwé 1870 tí ẹ ní lọ́wọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ tó wá sí Virginia, etíkun Biafra, níbi tí wọ́n ti kó Ìgbò àti Ibibio, ló pọ̀ jù. Senegambia àti Angola náà kó ipa tó tóbi. Àwọn Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ wó tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan ni wọ́n kó wa rẹpẹtẹ, Bahia ní Brazil àti Cuba ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ lọ. Ìbàdàn tí ẹ ti wá, nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun dó síbẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí Virginia ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọkọ̀ ẹrú. Bí DNA bá pe ilẹ̀ kan ní Nàìjíríà, orúkọ orílẹ̀-èdè òde òní ló ń pè, Ìgbò, Ibibio, Yorùbá àti Ẹ̀dó wọ́pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Yorùbá lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n méfò, Ìgbò ni n ó mú.

Síbẹ̀, ẹ má ju àyẹ̀wò náà nù. Ìlú ni kò mọ̀, ó mọ ìbátan. Bí ọmọ ọmọ olóko tí ẹ ń fura sí bá yọ nínú àwọn ìbátan ìyàwó wa, tàbí tí adúláwọ̀ kan ní Alabama bá yọ tí ìran tirẹ̀ náà sì lọ sọ́dọ̀ olóko kan náà, ẹ ti ní ẹ̀rí tí kò sí nínú ìwé ìkàwọn ẹrú. Èdè àwọn baba wa ní, ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ilé ìyá yẹn gan-an ni DNA ń tọ́ka sí láìmọ orúkọ rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó ọkọ̀ lọ sí Courtland, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. FamilySearch, ojúlé wíwá ìran lórí ayélujára, ti ya fọ́tò púpọ̀ lára ìwé ìhágún àti ìwé ilẹ̀ Southampton, Library of Virginia ní Richmond sì ní àkójọ kan tó ń jẹ́ Virginia Untold, níbi tí wọ́n ti ń kó orúkọ ẹrú àti olómìnira jáde láti inú ìwé kóòtù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwé ìgbéyàwó bàbá àgbà, lẹ́yìn náà ẹ wá ikú àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn 1912. Ẹ fi ojú ìwé 1870 náà ránṣẹ́ sí mi ní odindi, pẹ̀lú márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ àti márùn-ún tó tẹ̀lé e, ká jọ wo àwọn aládùúgbò.